Ìbéèrè lórí Yaa Asantewaa: àṣẹ wo ló fi di olórí ogun, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sì jà?

Olùkọ́ Ìtàn béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a sì ti dé orí àwọn tó bá òyìnbó amúnisìn jà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí a kan Yaa Asantewaa, obìnrin tó ṣíwájú ogun àwọn Asante ní ọdún 1900, ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní kí n ṣàlàyé bí ó ṣe jẹ́ pé obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni wọ́n tẹ̀ lé lọ sójú ogun, nígbà tí ilẹ̀ Asante kún fún ọkùnrin tó mọ ogun í jà. Ìwé tí à ń lò ní ìgboyà rẹ̀ ni, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ọmọ náà kò gbà, ó ní, "Ìgboyà nìkan, sà?"

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Àṣẹ wo ni obìnrin yìí ní kí ogun tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé nítorí àga kan ṣoṣo ni odidi orílẹ̀ fi dìde ogun? Ṣé òun fúnra rẹ̀ gbé ìbọn, àbí àṣẹ ni ó ń pa láti ilé? Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí wọ́n mọ ilẹ̀ Gánà dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Àwòrò fèsì:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin yín mọ ọ̀rọ̀ bi. Bí a bá ní ìgboyà nìkan ni, yóò dà bí ẹni pé obìnrin kan ṣàdédé dìde láàárín ìgboro, tí àwọn ọkùnrin sì tẹ̀ lé e láìbéèrè ẹni tó jẹ́. Yaa Asantewaa wà lórí oyè, oyè náà sì ti ní àṣẹ tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

Ní ilẹ̀ Asante, ìdílé ìyá ni wọ́n ti ń jogún oyè, kì í ṣe ìdílé bàbá bíi tiwa. Nítorí náà, láti ìlú kékeré títí dé Kùmásí, olú ìlú wọn, bí ọba ọkùnrin ti wà ni ohemaa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó lè jẹ́ ìyá ọba, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tàbí obìnrin mìíràn nínú ìdílé ìyá rẹ̀. Bí oyè bá ṣófo, ohemaa ló ń fa ẹni tí yóò jọba kalẹ̀ fún àwọn ìjòyè láti yẹ̀ wò, nítorí òun ló mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ oyè ní tòótọ́. Ó ní àga oyè tirẹ̀, ó ní àwọn ìjòyè tirẹ̀, ó ń gbọ́ ẹjọ́, ó sì lè bá ọba wí ní gbangba, ohun tí ìjòyè ọkùnrin kò jẹ́ dán wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fi wé Ìyálóde, ṣùgbọ́n lójú tèmi wọn kò dọ́gba. Ìyálóde jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìlú, ó sì ń ṣojú wọn níwájú ọba. Ti ohemaa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láìsí i, ọba kò lè jẹ rárá. Lóbùn ti ìlú Oǹdó ni n óò kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá ní kí n wá ẹni tó sún mọ́ ọn nílẹ̀ Yorùbá, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ètò fífi ọba wọn jẹ.

Ejisu ni ìlú Yaa Asantewaa, kò sì jìnnà sí Kùmásí. Arákùnrin rẹ̀, Kwasi Afrane, ló jọba níbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ sì ni Yaa Asantewaa ti di ohemaa. Nígbà tí ọba yìí wàjà, ọmọ ọmọ Yaa Asantewaa, Kofi Tene, ló gun orí oyè. Ibí yìí gan-an ni kí Olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí ní oṣù kìíní ọdún 1896, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kùmásí, Prempeh Kìíní, Asantehene, èyíinì ni ọba gbogbo Asante, sì ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má yìnbọn. Wọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ Yaa Akyaa, tí í ṣe ohemaa gbogbo ilẹ̀ Asante, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ di ẹsẹ̀ gómìnà mú lójú àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn lọ sí Elmina, láti ibẹ̀ wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, pẹ̀lú bàbá ọba, àbúrò ọba, àti àwọn ọba ìlú mélòó kan. Kofi Tene ti Ejisu wà lára wọn.

Ẹ wo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí ara wọn. Wọ́n kó ọba Kùmásí lọ, wọ́n kó ohemaa Kùmásí lọ, wọ́n kó ọba Ejisu lọ, wọ́n wá fi ohemaa Ejisu sílẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n rò pé ìyá arúgbó kan kò lè ṣe nǹkan kan. Láti ọdún 1896 títí di ọdún 1900, òun nìkan ló ń ṣàkóso ìlú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun délẹ̀, kò sí ẹni tó ga jù ú lọ ní àyíká Kùmásí tí kì í ṣe ẹrú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì fi sípò. Ó ní ìgboyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e mọ oyè tó wà lórí rẹ̀.

Ará Zongo fèsì:

Mo gba ọ̀rọ̀ Àwòrò wọlé, àfi ibi tó ti sọ pé àwọn tó wà ní Kùmásí jẹ́ ẹrú Gẹ̀ẹ́sì. Opoku Mensah, ẹni tí wọ́n fi sínú ìgbìmọ̀ mẹ́ta tí yóò máa bá wọn ṣàkóso ìlú, wà lára àwọn tó gbè sẹ́yìn ogun náà nígbà tó yá. Jíjẹ oyè lábẹ́ òyìnbó kò sọ pé ènìyàn fẹ́ràn òyìnbó.

Kùmásí ni mo ń gbé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn bàbá mi àgbà ti wá ṣòwò síhìn-ín, kí òfin ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, nítorí náà ẹnu àwọn ará Asante ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, kí n tó kà á nínú ìwé.

Lórí ọ̀rọ̀ àga, Olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé àga ìjókòó lásán ni wọ́n ń jà sí. Àga Wúrà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sika Dwa Kofi, ni wọ́n gbà pé Okomfo Anokye, àwòrò wọn, pè sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà ayé Osei Tutu, Asantehene àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ọdún 1700, ó sì sọ fún wọn pé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo Asante wà. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e, ìbáà ṣe Asantehene. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ọba jẹ, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e sókè sódò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìjẹ́ kí ara rẹ̀ kàn án. Kì í fara kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ìjókòó tirẹ̀ tí wọ́n ń gbé e lé, agogo sì so mọ́ ọn lára.

Ẹ wá ro ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1900. Gómìnà Frederick Hodgson ti wọ Kùmásí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó pe gbogbo àwọn ọba àti ìjòyè jọ, ó dúró níwájú wọn, ó sì bi wọ́n pé níbo ni Àga Wúrà wà, kí ló dé tí wọn kò gbé e wá fún òun láti jókòó lé, nígbà tí òun ń ṣojú ọbabìnrin tó ni wọ́n. Ohun tí ọba wọn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ni àlejò ń béèrè lọ́wọ́ wọn ní ojúde.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni Hodgson ti sọ fún wọn pé Prempeh kò ní padà wá mọ́ láé, ó sì tún ń bi wọ́n léèrè owó. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sun Kùmásí ní ọdún 1874 ni wọ́n ti bu 50,000 áúǹsì wúrà lé Asante lórí gẹ́gẹ́ bí owó ogun. Gómìnà wá ní kí wọ́n máa san èlé lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi tipátipá kó àwọn ènìyàn ṣe aláàárù àti òṣìṣẹ́. Lójú mi, bí kò bá tilẹ̀ dárúkọ àga, ìjà ìbá ṣẹlẹ̀. Àga ló kàn jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiyèméjì di ọ̀kan.

Àwọn ìjòyè gbọ́, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n tú ká. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe ìpàdé tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí títí di òní. Àwọn kan ní kí wọ́n tọrọ àforíjì kí wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fún Prempeh. Yaa Asantewaa ló dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé ìdáhùn náà wá fún wa, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò yí padà: ẹnu yà á pé àwọn ọkùnrin Asante lè jókòó wo òyìnbó tó ń bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé bí àwọn ọkùnrin kò bá ní lọ, àwọn obìnrin yóò lọ. Gómìnà ti rán Captain Armitage pẹ̀lú àwọn sójà lọ wá àga náà nínú igbó; ọwọ́ òfo ni wọ́n padà, lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ sínú ìbọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè kẹta. Ẹ̀rí pé ó dúró sójú ogun tí ó ń yìnbọn lójoojúmọ́ kò lágbára tó ẹ̀rí pé òun ni olórí. Ejisu ló fi ṣe ibùdó, ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn balógun tó wà ní àyíká Kùmásí, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn Asante fi ń pe ogun náà títí di òní. Èmi kò rí ohun tó bù kù nínú ìyẹn. Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, Ààrẹ Látòósà kì í ṣe ẹni tí à ń ka iye ọta ìbọn rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà jà ló yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀. Àwọn Asante kò sáré kọlu odi tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí àárín Kùmásí lẹ́yìn ọdún 1896, nítorí ìbọn Maxim wà lórí rẹ̀, ìbọn ṣakabùlà sì pọ̀ lọ́wọ́ tiwọn. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin, wọ́n sì pàdánù ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yí ìlú ká. Wọ́n gé wáyà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí etíkun. Lójú gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú ni wọ́n ti gé igi ńláńlá lulẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní ìlà méjì, wọ́n fi amọ̀ àti òkúta dí àárín, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n rí i. Ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́ nínú igbó ni wọ́n máa ń kọ́ wọn sí, kí sójà má baà rí wọn títí yóò fi sún mọ́ tòsí. Ìbọn àgbá kò rí wọn wó ní kíákíá.

Nínú odi, gómìnà, ìyàwó rẹ̀, àwọn ajíhìnrere láti Basel, àwọn sójà, àti àwọn ọba tó sá wọlé bá wọn wà nínú ebi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó sá di Gẹ̀ẹ́sì sì dùbúlẹ̀ síta lẹ́yìn odi, àwọn ni ebi àti àìsàn kọ́kọ́ pa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, Hodgson fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sílẹ̀ nínú odi, ó kó nǹkan bí 600 sójà dání, ó sì gba ọ̀nà tí àwọn Asante kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́, ó sá lọ sí etíkun. Ọjọ́ 15 oṣù keje ni Colonel James Willcocks tó dé láti gba àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa náà. Ẹgbẹ́ ogun tó kọ́kọ́ jà wọ Kùmásí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin láti ran gómìnà lọ́wọ́, Èkó ni wọ́n ti kó wọn wá, Captain Aplin ló ṣáájú wọn. Nínú àwọn tí Willcocks kó wá láti Nàìjíríà, Haúsá àti Yorùbá wà níbẹ̀. Èyí tó sì máa ń ká mi lára jù ni ti Colonel Francis Scott: òun ló ṣáájú ogun tó fọ́ Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, pẹ̀lú àwọn sójà tí wọ́n kó láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, òun kan náà ló sì ṣáájú àwọn tó wọ Kùmásí lọ mú Prempeh ní ọdún 1896. Wọ́n fi ọmọ Gold Coast jà ní Ìmàgbọn, wọ́n fi ọmọ Èkó jà ní Kùmásí.

Ẹ má sì fi pamọ́ fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe gbogbo Asante ló jà. Ọba Bekwai dúró ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Juaben náà kò dìde ogun. Kokofu àti Adansi wà pẹ̀lú Ejisu. Àìṣọ̀kan yìí jẹ́ kí ọ̀nà gúúsù ṣí sílẹ̀ fún Willcocks, ó sì ṣeé ṣe fún un láti fi Bekwai ṣe ibùdó.

Olùkọ́ Ìtàn fèsì:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ Colonel Scott yìí, n óò lò ó, nítorí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a ka ogun Ìmàgbọn tán. Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè ẹyọ kan: kí ni ìgbẹ̀yìn ogun náà àti ti àga? Ará Zongo, bí a bá tilẹ̀ fẹ́ kó àwọn ọmọ kọjá sí Gánà, ibo ni ẹ óò ní kí a mú wọn lọ?

Àwòrò fèsì:

Lẹ́yìn tí wọ́n gba odi Kùmásí sílẹ̀, ogun kò parí lójú ẹsẹ̀. Willcocks ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń sun ilé, ó ń wó odi igi, Ejisu pẹ̀lú bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìjà ńlá tó kẹ́yìn wáyé ní Obassa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Yaa Asantewaa ṣì wà nínú igbó, ó pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1901 ni wọ́n gbé òun àti àwọn olórí mìíràn sọdá òkun lọ sí erékùṣù Seychelles, níbi tí wọ́n ti kó Prempeh lọ láti Sàró ní ọdún tó ṣáájú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1902, Asante di ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin yìí kò fojú kan Ejisu mọ́. Ó kú ní Seychelles ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1921. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1924, ni wọ́n gbà kí Prempeh padà wá sí Kùmásí, kì í sì í ṣe gẹ́gẹ́ bí Asantehene.

Àga Wúrà ní tirẹ̀, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ nínú igbó. Ní nǹkan bí ọdún 1920 ni àwọn tó ń la ọ̀nà bá a pàdé, wọ́n sì yọ àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ara rẹ̀ tà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú, ariwo bo gbogbo ìlú, àwọn ọba dá ẹjọ́ ikú fún àwọn ọ̀daràn náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n lé wọn kúrò nílùú dípò kí wọ́n pa wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba kéde pé àwọn kò ní bá wọn du àga náà mọ́. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ogún ọdún ṣáájú ni gómìnà ń wá bí yóò ṣe jókòó lé e. Ní ọdún 1935 ni wọ́n dá oyè Asantehene padà, Prempeh Kejì sì jẹ ọba gbogbo Asante.

Ará Zongo fèsì:

Olùkọ́, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ mú wọn wá sí odi tí Ọmọ Ìjẹ̀bú ń sọ, ó ṣì dúró láàárín Kùmásí, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun. Kò tóbi rárá. Bí àwọn ọmọ bá rí i, wọn yóò mọ bí ebi ṣe lè mú ènìyàn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ sí Besease, tí kò jìnnà sí Ejisu. Ojúbọ àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ó wà lára àwọn ilé Asante mẹ́wàá tí UNESCO fọwọ́ sí ní ọdún 1980, àwọn ará ìlú sì ń sọ pé ibẹ̀ ni Yaa Asantewaa ti béèrè lọ́wọ́ òrìṣà kí ó tó jáde ogun. Ilé mẹ́rin ló dojú kọra yí àgbàlá kan ká: ọ̀kan fún àwọn onílù, ọ̀kan fún àwọn akọrin, ọ̀kan fún oúnjẹ sísè, ẹ̀kẹrin tí wọ́n dí lójú ni ti òrìṣà. Ìsàlẹ̀ ògiri pupa, òkè rẹ̀ funfun, àrà tí wọ́n fi amọ̀ dá sára rẹ̀ sì yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ lè tọ ìlà rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yaa Asantewaa ní Kwaso fún yín, ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, iná sì jó o ní 2004 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má torí rẹ̀ na owó ọkọ̀. Bí ẹ bá ti mọ oṣù tí ẹ ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, n óò bá yín wá ẹni tó gbọ́ Twi, èdè àwọn Asante, tó sì gbọ́ Yorùbá.